Ọmọ Mi Ní Ọlọ́run Ní Kí Òun Dúró

Kí ojú mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, ọ́fíìsì ìgbaniwọlé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo máa ń ka ìwé tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń wá àyè. Nígbà tó yá, mo lè mọ èyí tí ọmọ fúnra rẹ̀ kọ yàtọ̀ sí èyí tí bàbá rẹ̀ jókòó tì í títí tó fi kọ ọ́ tán. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà ìjọ wa fi pè mí pé kí n máa bá àwọn ọmọ tó ń parí ilé ẹ̀kọ́ girama jókòó ní ọ̀sán Sátidé, ká jọ rò ó, ká sì jọ gbàdúrà sí i: kí ni Ọlọ́run fẹ́ kí wọ́n fi ayé wọn ṣe? Ṣé yunifásítì ni, àbí iṣẹ́ ọwọ́?

Ìjọ Aláàdúrà ni wá. Òkè ilé ìtajà kápẹ́ẹ̀tì kan nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin Heathway ní Dagenham, ní ìlà oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ni a ti ń jọ́sìn. Orí àtẹ̀gùn ni a máa ń bọ́ bàtà sí, bàtà àwọn ọmọ wọ̀nyẹn sì máa ń pọ̀ níbẹ̀ débi pé ẹsẹ̀ ni mo fi ń tọ́ ọ̀nà kọjá láàárín rẹ̀.

Ìbéèrè kan wà tí mo máa ń bi gbogbo wọn. Bí ọmọ kan bá dìde tó ní, "Àǹtí, Ọlọ́run ní kí n lọ kọ́ ìmọ̀ òfin," màá ní, "Ó dáa. Ohùn tí o gbọ́ yẹn, ohùn ta ni? Pa ojú dé, tún un gbọ́ dáadáa. Ṣé kì í ṣe pé ó ń sọ Ìjẹ̀bú bíi ti bàbá rẹ?" Wọn a bú sẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin kan rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ títí tí ẹ̀rín náà fi di ẹkún, tó ní dókítà tí wọ́n ní kí òun dà yìí, òun kì í lè wo ẹ̀jẹ̀. Mo tẹ̀ lé e lọ bá àwọn òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ iná ló ń ṣe báyìí ní àwọn ilé tuntun tí wọ́n ń kọ́ sí Beam Park, bàbá rẹ̀ sì ti ń fi í yangàn fún àwọn èèyàn. Irú àwọn nǹkan báyìí jẹ́ kí n gbà pé mo mọ iṣẹ́ náà.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún mi. Obìnrin ni. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló wà nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Lọ́dọọdún, ìjọ wa máa ń lọ gbàdúrà létí òkun ní Southend. Bí àwa bá wọ aṣọ funfun, tí a gbé ọwọ́ sókè, ọmọ yìí á ti ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún, á máa ṣí òkúta lọ́kọ̀ọ̀kan kó lè wo ohun tó ń rìn lábẹ́ rẹ̀. Màá pè é pé, "Wá ṣe àmín!" Inú omi ló ti máa ń dáhùn pé, "Àmín o!"

Nígbà tó kù bí ọdún kan kó jáde, ó sọ fún mi pé ìmọ̀ nípa òkun àti àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀ lòun fẹ́ kà. Mo bi í ní ìbéèrè tí mo máa ń bi gbogbo ayé.

Ó ní, "Mi ò gbọ́ ohùn kankan, Mọ́mì. Mo kàn fẹ́ mọ ohun tó wà níbẹ̀ ni."

Nínú gbogbo ọmọ tó ti jókòó níwájú mi, mi ò rí èyí tó dá mi lóhùn dáadáa tó bẹ́ẹ̀. Yunifásítì kan tó wà létí òkun, ní ìpẹ̀kun orílẹ̀-èdè yìí níwọ̀ oòrùn, sì ní àwọn máa gbà á. Tí èèyàn bá wọ ọkọ̀ ojú irin láàárọ̀, ọ̀sán á ti pọ́n kó tó débẹ̀. A jọ jó nínú pálọ̀ lọ́jọ́ náà.

Àárín ìgbà yẹn ni ojú mi burú sí i. Glọ̀kómà ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀gbẹ́ ló ti ń jẹ ojú wá, bí aṣọ tí eku ń gé létí, títí tó fi jẹ́ pé ohun tó bá wà ní ọ̀kánkán gan-an nìkan ni mo ń rí. Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọmọ mi ló ń kán oògùn sí mi lójú, òun ló ń ka lẹ́tà ọsibítù fún mi, òun ló ń sọ fún mi pé ìró àti bùbá tí mo wọ̀ ò bára mu. Mi ò sọ pé kó ṣe é. Mi ò sì sọ pé kó má ṣe é.

Ní ọjọ́ kan mo ní kí n fi omi gbígbóná tẹ ẹ̀bà. Mo gbé kẹ́tùlù, mo rò pé abọ́ ni mò ń da omi sí, àṣé ọwọ́ ara mi ni. Kẹ́tùlù bọ́ lọ́wọ́ mi, mo sì ké. Ọmọ mi sáré sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, ó fa ọwọ́ mi sábẹ́ omi ẹ̀rọ, ó sì dì í mú síbẹ̀. Mo ní, "Kò tó nǹkan, jàre." Ó tún ṣí omi náà sí i. Ó ku díẹ̀ nígbà yẹn kí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mú èyí tí wọ́n máa lọ nínú àwọn yunifásítì tó ti gbà wọ́n.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo ní kí ẹni tó bá ní ẹ̀rí dìde. Ọmọ mi ló dìde. Ó ní òun ti gbàdúrà, òun ò lọ sí etí òkun mọ́. Ó ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan wà níbí ní Lọ́ńdọ̀nù tó ti gba òun láti kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú eegun àti iṣan, òun á sì máa ti ilé lọ.

Ó ní, "Ọlọ́run ní kí n dúró."

Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Wọ́n pariwo, "Halelúyà!" Gbogbo wọn wá yíjú sí mi, nítorí wọ́n mọ ohun tó kàn. Ìbéèrè ló kàn. Mo la ẹnu, mo sì ní, "Ẹ jẹ́ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run." Mo bẹ̀rẹ̀ orin.

Mo mọ̀ ọ́n lára nígbà náà pé nǹkan kan ti bàjẹ́. Kì í ṣe pé mo gbàgbé ìbéèrè náà. Bí ọmọ náà ṣe sọ̀rọ̀ tán ni nǹkan kan tú nínú àyà mi, bí ìgbà tí èèyàn bá sọ ẹrù kalẹ̀. Inú mi dùn. Ìyá tó ń gbàdúrà fún ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n má jẹ́ kí ohùn òbí bo ohùn Ọlọ́run mọ́lẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn pé ọmọ tirẹ̀ ò lọ mọ́.

Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, mi ò bi í. Obìnrin kan nínú ìjọ dì mọ́ mi lẹ́yìn ìsìn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú oríire ọmọ. Tèmi ti lọ sí Scotland, kì í pè mí àfi tó bá fẹ́ nǹkan. Tiyín gbọ́n." Mo ní, "Ẹ ṣé, mà." Ẹnu mi korò bí ewúro. Bí ọmọ náà bá ń kán oògùn sí mi lójú, mo máa ń di ojú náà pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, kí n má bàa rí ojú tirẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú kan, à ń fọ abọ́, ni mo tó lè sọ ọ́.

Mo ní, "Ohùn tó ní kí o dúró yẹn, ohùn ta ni?"

Ó ń nu àwo kan. Ó nù ún títí.

Ó ní, "Mum, please."

"Dá mi lóhùn."

"Ẹ ò bi mí lọ́jọ́ yẹn níwájú gbogbo wọn. Kí ló dé tí ẹ wá ń bi mí báyìí?"

Ó gbé àwo náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ní ìdánwò òun ti sún mọ́lé, ó sì gòkè lọ.

Mo wá pinnu pé màá fi hàn án pé mo lè dá wà. Wọ́n ti fún mi ní ọ̀pá funfun, obìnrin kan láti ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ó kìlọ̀ pé kí n má tíì dá jáde. Mo dá jáde. Mo wọ básì lọ sí Heathway, mo ra iṣu àti ata, ayọ̀ kún inú mi. Nígbà tí mò ń bọ̀, mo wọ básì tí kì í ṣe tiwa, ìgbà tí mo sì sọ̀ kalẹ̀, Beam Park ni mo bá ara mi. Ilé tuntun ni gbogbo rẹ̀, ọ̀kan jọ èkejì, kò sí ṣọ́ọ̀bù tí mo mọ̀, kò sí igi tí mo mọ̀. Mo rìn títí tí ọ̀pá mi fi kọ́ irin tí wọ́n fi yí ibi ìkọ́lé ká. Ọkùnrin ará Ghana kan tó ń ṣọ́ ibẹ̀ gbé àga fún mi, ó bu tíì fún mi, ó ní, "Mama, who should I call?"

Ta ni ì bá pè? Ọmọ mi ń kàwé ìdánwò lọ́wọ́, ó fi í sílẹ̀, ó sì wá.

Mo rò pé á bínú sí mi. Kò bínú. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ó gba iṣu lọ́wọ́ mi, ó fi apá mi kọ́ apá rẹ̀. Inú básì ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, pé kó dárí jì mí, pé ẹrù ni mo jẹ́ fún un.

Ó ní, "Mọ́mì, ẹ gbọ́. Tí mo bá lọ, mi ò ní lè kàwé kankan. Ojoojúmọ́ ni màá máa rò ó pé kí lẹ tún dà sọ́wọ́." Ó gbé iṣu náà sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ẹ kọ́ wa pé Ọlọ́run lè pe èèyàn sí iṣẹ́. Ṣé kò lè pe èèyàn sí ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni?"

Mo ní, "Ó lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ṣé ó ṣe é?"

Ó ní, "Mi ò mọ̀. Ṣé ẹ̀yin mọ̀?"

Mi ò mọ̀. Títí a fi délé, mi ò mọ̀.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì Lọ́ńdọ̀nù náà ló lọ. Ó ti wà ní ọdún kejì báyìí, ó sì ń ṣe dáadáa. Lọ́jọ́ kan ló ń sọ fún mi nípa bàbá arúgbó kan tí òun ràn lọ́wọ́ láti tún rìn, mo sì gbọ́ ayọ̀ lóhùn rẹ̀, ayọ̀ gidi. Mo di ohun tó sọ yẹn mú fún ọjọ́ bíi mélòó kan, bí ẹni tí wọ́n san gbèsè fún. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn mo máa ń bá a nínú pálọ̀ tó ń wo àwòrán ẹja lórí fóònù, tó sì máa ń yí i padà kíá bó bá gbọ́ ẹsẹ̀ mi.

Èyí tó dùn mí jù ni pé mo ti mọ ọ̀pá náà lò. Mo lè dá lọ sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin Dagenham East báyìí, kí n sì dá bọ̀. Mo ti kọ́ bí mo ṣe lè fi ìka wọn omi nínú ife. Bó bá jẹ́ pé mo tètè kọ́ ọ, tí mi ò fi gbogbo oṣù wọ̀nyẹn jókòó kí ó máa ṣe é fún mi, bóyá ì bá ti lọ. Mo sọ fún un láìpẹ́ yìí pé kò tíì pẹ́ jù, pé àwọn èèyàn máa ń yí ẹ̀kọ́ padà.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n parí èyí tí mo bẹ̀rẹ̀, Mọ́mì."

Mo ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ ní Sátidé. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn lọ́dún yìí tí bàbá rẹ̀ ní àrùn rọpárọsẹ̀. Ó dìde lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní Ọlọ́run ní kí òun máa gbé ilé. Wọ́n ń retí ìbéèrè mi.

Mo ní kó jókòó tì mí. Mo ní, "Sọ fún mi nípa bàbá rẹ." Ó sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, mi ò sì dá a dúró. Nígbà tó yá mo ní kó jẹ́ ká lọ sílé wọn ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀, kí ó bi bàbá rẹ̀ létí mi bóyá ohun tó fẹ́ nìyẹn. Mi ò mọ ohun tí bàbá náà máa sọ. Mo ti ń bẹ̀rù ìdáhùn rẹ̀.