Ife Kan Ṣoṣo Níwájú Pẹpẹ

Agogo mẹ́wàá ààbọ̀ òwúrọ̀, ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù, ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí òyìnbó ṣì ń jọba lé wa lórí. Ọjọ́ Oúnjẹ Olúwa ni. Ife fàdákà kan ṣoṣo ni ìjọ wa ní. Gbogbo ọmọ ìjọ ló ń fẹnu kàn án. Wáìnì tí wọ́n bá ti yà sí mímọ́ kò sì gbọdọ̀ ṣẹ́kù: àlùfáà ni yóò mu ìyókù tán.

Obìnrin kan ń gbé yàrá ẹ̀yìnkùlé wa. Ẹ̀tẹ̀ ti mú un rí. Dókítà ti wò ó sàn, ó ní kó máa lọ sílé, ṣùgbọ́n àrùn náà ti jẹ ìka rẹ̀. Àwọn ará ilé rẹ̀ kọ̀ ọ́. Àlájà onílé wa, tó jẹ́ mùsùlùmí, ló fún un ní yàrá. Àwa onígbàgbọ́ ńkọ́? A gbàdúrà fún un láti òkèèrè. Àdúrà kò kúkú ná wa ní kọ́bọ̀.

Opó ni ìyá mi, aránṣọ sì ni wọ́n. Aṣọ àwọn obìnrin ìjọ ló ń bọ́ wa. Wọ́n sì ti kìlọ̀ fún ìyá mi: "Bí ẹ bá ń bá adẹ́tẹ̀ rìn, ta ni yóò wọ aṣọ tí ọwọ́ yín kàn?"

Lọ́jọ́ yẹn, obìnrin náà lọ kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ. Ìyá mi kúnlẹ̀ tì í. Níbi tí mo jókòó sí, ẹ̀rù bà mí, ojú tì mí, inú mi sì dùn, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mi ò mọ èyí tí ǹ bá gbà gbọ́ nínú wọn. Àlùfáà ju búrẹ́dì sí i lọ́wọ́ bí ẹni ju àgbàdo fún adìyẹ. Nígbà tó kan ife, ó fo obìnrin náà, ó na ife sí ìyá mi. Ìyá mi fọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ kọ́kọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi, sà."

"Màmá, ẹ má dí ìsìn lọ́wọ́."

"Ìsìn ta ni, sà?"

Àlùfáà gbé ife fún obìnrin náà. Ó mu, ìyá mi mu tẹ̀ lé e. Ẹ wá wo ìran! Bàbá ìjọ, tó kúnlẹ̀ tẹ̀ lé ìyá mi, tó máa ń kọ́ wa nípa ìfẹ́, rántí lójijì pé orúnkún ń dun òun. Àwọn yòókù dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, tàwọn ti kóòtù gígùn àti ìwà mímọ́ wọn, títí iwájú pẹpẹ fi ṣófo. Ife ṣì kún dé ìdajì. Àlùfáà dijú, ó gbé e mì bí ọmọdé tí wọ́n ń rọ àgbo fún. Mo ṣàánú rẹ̀ díẹ̀. Díẹ̀ náà ni o.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn obìnrin ìjọ ti wá kó aṣọ wọn. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fi áńkáṣíìfù bo imú. "Ẹ̀rọ yín ń já òwú jù," ni wọ́n wí. Àlájà ló kó aṣọ Iléyá gbogbo agboolé rẹ̀ wá: "Ẹ bá wa rán an, ìyá. Ọwọ́ yín mọ́."

Ayé ti là báyìí. Ìjọ wa ti ra ife kéékèèké, oníkálukú pẹ̀lú tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó tún ní ìdí láti sá. Síbẹ̀, wọ́n ń sá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí orí rẹ̀ dàrú rí, tí ara rẹ̀ ti yá, fẹ́ wá jẹ Oúnjẹ Olúwa lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀. Wọ́n ní kí èmi, àgbà ìjọ, lọ sọ fún un pé kó máa dúró sílé. Mo mọ ohun tí ìyá mi ì bá ṣe. Ṣùgbọ́n ìyá mi ní ìgboyà. Oyè ìjọ ni èmi ní. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: kí ni kí n lọ wí fún un?