Igun Eèsún Tí Wọn Ò Tì

Nígbà tí Ọlọ́run fi ẹja inú omi sábẹ́ ọwọ́ ènìyàn, ènìyàn wo ló ní lọ́kàn: ẹni tó ń da àwọ̀n ni, tàbí ẹni tó ń ya máàpù? Mo ti gbé ìbéèrè yìí lọ síbi àdúrà lọ́pọ̀ ìgbà. N ò tíì rí èsì mú bọ̀.

Ìbíkúnlé ló fi í lé mi lọ́wọ́. Apẹja ni, ní Naraguta lẹ́bàá Jos, ọjọ́ orí rẹ̀ sì ti lé ní àádọ́ta ọdún. Bàbá bàbá rẹ̀ ló bá rélùwéè wá sí Jos láti Ọ̀fà, ó ń ta aṣọ, àmọ́ omi ló wu ọmọ-ọmọ. Omi tí mò ń wí yìí, kòtò ńlá tí àwọn tó ń wa kùsà láyé ọjọ́un gbẹ́ sílẹ̀ ni, tí òjò sọ di adágún. Ìdajì ọ̀rọ̀ ẹnu Ìbíkúnlé, Haúsá ni; tí inú bá ń bí i, gbogbo rẹ̀ a di Haúsá. Láti oṣù kẹta ọdún yìí, agbára káká ni mo fi ń gbọ́ Yorùbá lẹ́nu rẹ̀.

Ní igun kan adágún náà, omi ò jinlẹ̀, eèsún sì hù yí i ká. Ibẹ̀ ni ẹja epìyà ti ń yé. Akọ á fi ẹnu gbẹ́ kòtò rogodo sínú ẹrẹ̀, abo á yé sí i, á kó ẹyin sẹ́nu, á máa gbé wọn kiri títí ọmọ á fi lè dá lúwẹ̀ẹ́. Látìgbà tí ọyẹ́ bá ti rọlẹ̀ títí òjò á fi rinlẹ̀, apẹja kankan kì í da àwọ̀n síbẹ̀. Kò sí pátákó, kò sí ọlọ́pàá. Wọn kì í sì í sọ ọ́ fún àlejò. Bí àlejò bá béèrè ibi tí ẹja pọ̀ sí, òdìkejì ni wọ́n á nawọ́ sí.

Ìbíkúnlé sọ ọ́. Àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn, ìfẹ́ ìjọ ló sì fà á.

Ọ́fíìsì ìjọba kan ló gbé ètò ìdáàbòbò omi dé lọ́dún tó kọjá. Ẹni tó ṣáájú wọn, alàgbà ìjọ wa ni, Alàgbà Adéfúnmi. Ó ti lọ kẹ́kọ̀ọ́ létí òkun, ó rí bí wọ́n ṣe ń ti apá kan òkun pa kí ẹja lè bí sí i, tí apẹja, ọlọ́kọ̀ àti àwọn tó ń wa epo sì jọ ń lo èyí tó kù. Ó jókòó lórí ẹní pẹ̀lú àwọn apẹja, ó ṣàlàyé. Ó dùn létí. Mo wà níbẹ̀, inú mi dùn pé ọmọ ìjọ wa ni.

Ìbíkúnlé ní, "Dádì, ẹ má da ara yín láàmú. Ẹ jẹ́ n fi ibi tí epìyà ti ń bímọ hàn yín." Ó fi ọkọ̀ tirẹ̀ wa alàgbà wọ inú eèsún. Alàgbà ya fọ́tò, ó dúpẹ́, ó sì gbàdúrà fún un lórí omi níbẹ̀.

Nígbà tí máàpù jáde, àárín adágún ni wọ́n tì, níbi omi jíjìn tí apẹja ti ń rí oúnjẹ òòjọ́. Wọ́n fi dúrọ́ọ̀mù búlúù sàmì yí i ká. Igun eèsún ńkọ́? Wọ́n fi í sílẹ̀ fún àgbẹ̀. Ọgbà tòmátì ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ọlọ́gbà náà sì mọ ènìyàn níbi tí wọ́n ti ń ya máàpù. Kí oṣù kẹta tó parí, pọ́ǹpù mẹ́sàn-án ló ti ki ẹnu bọ igun náà.

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Ìbíkúnlé débẹ̀ láàárọ̀, ẹrẹ̀ ló bá níbi tó pọ̀ jù, omi díẹ̀ ló kù láàárín. Àwọn kòtò rogodo náà ti gbẹ, ọmọ ẹja wẹ́wẹ́ lẹ̀ mọ́ wọn bí ìrẹsì tó jóná mọ́ ìdí ìkòkò.

Ádámù, ọmọ Ìlọrin tí wọ́n jọ ń pẹja, dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Kai, Ìbíkúnlé! Wallahi, ẹnu ẹ ò mà ní ìdérí. Ta ló ní kó o mú àlejò wọ yàrá ìgbẹ̀bí?"

"Kì í ṣe àlejò. Alàgbà mi ni."

"Alàgbà ẹ, ṣé epìyà ló ń jẹ ni, àbí tòmátì?"

Ìbíkúnlé ò rẹ́rìn-ín. Ó bu ẹrẹ̀ àti òkú ọmọ ẹja sínú abọ́, ó gbé e lọ sí ọ́fíìsì. Mo bá a lọ, mo rò pé tí alàgbà bá rí èmi tí a jọ ń ṣiṣẹ́ nínú ìjọ, ọkàn rẹ̀ á rọ̀.

Alàgbà ò dìde. Ó wo abọ́, ó wo kápẹ́ẹ̀tì tí ẹrẹ̀ ń kán sí.

"Ìbíkúnlé, sùúrù. Ìdá kan nínú mẹ́ta omi yẹn la tì. Ohun tí ìwé béèrè nìyẹn, ó sì pé."

"Dádì, ìdá tí ẹ tì ò bímọ! Ẹ ti pálọ̀, ẹ wá fi yàrá ìgbẹ̀bí sílẹ̀ fún pọ́ǹpù. Haba! Ṣé a ní kí ẹ má ti omi ni? Àwa ti ń tì í kí ètò yín tó dé. Ẹ gbé dúrọ́ọ̀mù yẹn lọ sí igun, kí àgbẹ̀ wá máa fa omi níbi tó jìn. Rọ́bà gígùn nìkan ni wọ́n á rà."

"Máàpù ti lọ sókè, ó ti dé ọwọ́ àwọn ọ̀gá. Ẹ jẹ́ ká fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́."

Gbólóhùn yẹn, èmi náà ti ń sọ ọ́ fún ènìyàn láti ogún ọdún. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ bó ṣe ń dún létí ẹni tí wọ́n fi ń lé síta. Mi ò sọ pé Ọlọ́run ò sí níbẹ̀. N ò kàn gbọ́ ohùn Rẹ̀. Èyí tó sì dùn mí jù ni pé ẹnu mi ti ṣe àmín kí n tó pa á mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, afẹ́fẹ́ gbá àwọ̀n Ìbíkúnlé kọjá dúrọ́ọ̀mù. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tí ọ́fíìsì fi ń ṣọ́ omi gé e sí wẹ́wẹ́ lójú rẹ̀. Pọ́ǹpù ń dún létí wọn, wọn ò wo ibẹ̀.

Lánàá ló wá bá mi nílé, ní àdúgbò Ali Kazaure. Ó kọ̀, kò jókòó.

"Ìyá Dámi, ẹ̀yin lẹ ń kọ ìwé ìdúpẹ́ tí pásítọ̀ máa ń kà, àbí?"

"Èmi ni."

"Wọ́n ní alàgbà gba àmì-ẹ̀yẹ lórí ètò omi yẹn, pé ó fẹ́ wá dúpẹ́ lọ́jọ́ Àìkú. Kí ló ní kí ẹ kọ?"

Mo mú ìwé náà, mo kà á fún un: pé Ọlọ́run lo ìránṣẹ́ Rẹ̀ láti gba ẹja Naraguta là.

Ó di ara ilẹ̀kùn mú.

"Kó dúpẹ́. Kó jó. Ṣùgbọ́n òjò ò tíì rinlẹ̀, omi díẹ̀ ṣì kù ní igun yẹn, epìyà díẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Tí gbogbo ìjọ bá ti gbọ́ ọ lórí pẹpẹ pé wọ́n ti gba ẹja là, ta ló máa tún bá mi sọ fún ọ́fíìsì pé kí wọ́n yọ pọ́ǹpù? Ẹ jọ̀ọ́, mà, mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi yọ ìlà yẹn kúrò."