Kóòtù Aláwọ̀ Ewé

Kọfí tó ti pẹ́ lórí iná àti bleach tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀: òórùn méjèèjì yẹn ló máa ń pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ilé tí wọ́n ń kó àwa arúgbó jọ sí lójú ọ̀sán ní Marietta, l'Amẹ́ríkà níbí. Ọmọ mi obìnrin á já mi síbẹ̀ láàárọ̀ kó tó lọ sí shift rẹ̀ ní hospital, á sì padà wá gbé mi nírọ̀lẹ́, bí traffic bá gbà fún un. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, á ní, "Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dín ìtàn kù lónìí o." Ìtàn ló pè é. Ọmọ tí a bá kọ́ dáadáa kì í pè é ní irọ́ lójú àgbà.

Ìwọ tí a jọ dàgbà, o mọ̀ pé ìwé mẹ́fà ni mo kà, ṣùgbọ́n ẹnu mi ti gboyè tipẹ́. N kò tíì lo oṣù kan níbẹ̀ tí gbogbo wọn fi mọ̀ pé ọ̀bọ kan wà ládùúgbò wa n'Ìbàdàn tó máa ń gun òrùlé lọ yí áńténà tẹlifíṣọ̀n fún wa bí àwòrán bá ń gbọ̀n, pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan là ń fún un, àfi tó bá jẹ́ pé bọ́ọ̀lù là ń wò, á ní àfi méjì. Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Ẹ̀rín yẹn ń dùn mọ́ mi nínú, n kò ní purọ́ fún ọ. Láti ọjọ́ tí ìyá àwọn ọmọ ti kú, kò sí ohun tó tún ń mú mi dìde láàárọ̀ bíi rẹ̀.

Wọ́n fi mí jókòó ti bàbá òyìnbó kan tó wá láti Australia, torí pé àwa méjèèjì ni wọn kì í gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì wa. Tirẹ̀ ń gba imú jáde, tèmi sì ń yà sí Ìbàdàn kó tó dé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń gbé ní Dacula, ló mú un wá sí Amẹ́ríkà nígbà tí orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan. Ó lè máà rántí ohun tó jẹ láàárọ̀, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ló ti lo ayé rẹ̀, ìyẹn ò sì kúrò lórí rẹ̀. Á sọ nípa ìgbà tí àwọn èèyàn rìn lórí òṣùpá, pé àwo áńténà ńlá tó wà nílùú àwọn ló gba àwòrán náà látojú ọ̀run kí ayé tó rí i. Èmi á ní ọ̀bọ wa ló gba tiwa. Á sọ nípa ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀, pé òun ni wọ́n ní kó ṣọ́ tábìlì èso tí wọ́n tò síwájú kámẹ́rà, tòmátì, ọsàn àti àpù aláwọ̀ ewé, kí àwọn tó ń ṣètò àwọ̀ lè máa fi wé ohun tí wọ́n ń rí, kí ẹni tí ebi ń pa má sì lọ jẹ ẹ́.

Ṣùgbọ́n èyí tó fẹ́ràn jù ni ti ọdún tí tẹlifíṣọ̀n kọ́kọ́ dé ìlú wọn. Òun àti ọmọge tó padà di ìyàwó rẹ̀ dúró nínú òjò níwájú ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà sí ẹ̀yìn dígí. Kóòtù aláwọ̀ ewé ni ọmọge náà wọ̀, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ náà sì sọ kóòtù di eérú sí i lára. Ó wo apá ara rẹ̀, ó ní, "Bí n ó ṣe máa rí nìyí bí mo bá wọ inú rẹ̀." Ó kú kí tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ tó dé. Ní ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ń ṣọ́ èso, àpù aláwọ̀ ewé yẹn nìkan ló ń wò.

Gbogbo bí mo ṣe ń tò ó fún ọ yìí, ẹnu ọmọ rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ tán nígbà tó yá. Nígbà tí bàbá fúnra rẹ̀ ń sọ ọ́, mo ń mi orí ni, ṣùgbọ́n ìtàn tí n ó fi borí tirẹ̀ ni mo ń hun lọ́kàn. Lọ́jọ́ kan, bó ṣe dánu dúró báyìí, mo ní èmi náà wà níbẹ̀. Mo ní ọkọ̀ òkun tí mo ń bá ṣiṣẹ́ gúnlẹ̀ sí èbúté wọn lọ́sẹ̀ yẹn, pé ẹ̀yìn wọn gan-an ni mo dúró sí, mo sì rí ọmọge kan tó wọ kóòtù pupa tó ń dán bí ata rodo. Ìwọ mọ̀ pé omi tó tóbi jù tí mo tíì wọ̀ nígbà náà ni odò Ògùnpa.

Ó wò mí. "Pupa? Mo rò pé àwọ̀ ewé ni."

Ibẹ̀ ni ǹ bá ti padà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà ní tábìlì kejì ti ń dẹtí sí wa. Mo ní, "Pupa ni. Ẹ̀yìn yín ni mo wà, òjò ń pa mí."

Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Á jẹ́ pé pupa ni. Orí tìrẹ ṣì pé." Ó di ọwọ́ mi mú, kò sì tètè fi í sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí ní ẹlẹ́rìí òun. Á na ìka sí mi fún ẹnikẹ́ni tó bá wọlé, á ní ọkùnrin yìí rí àwa méjèèjì, torí kò sí ẹlòmíràn láyé mọ́ tó rí wọn.

Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀, ọmọ Yorùbá, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni òun àti ọmọ mi ń lọ. Ó mọ̀ pé n kò wọ ọkọ̀ òkun rí. Ó pè mí sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí kọfí wà, ó tẹ eékún díẹ̀. "Daddy, ẹ má bínú sí mi. Ìtàn yín dùn. Ṣùgbọ́n bàbá yẹn ò ríbi tọ́jú nǹkan sí mọ́, ohun tí ẹ bá sọ ló ń mú." Mo bi í pé ṣé a ò lè ṣeré mọ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ. Mo fi ẹ̀rín yẹn tan ara mi jẹ fún odidi oṣù méjì.

Àfi ìgbà tí ọmọ bàbá náà gbé àpò kan wá. Dókítà ló ní kí wọ́n máa fi nǹkan àtijọ́ hàn án. Ó fa kóòtù kan yọ nínú rẹ̀, òórùn káńfọ̀ gba yàrá kan, àwọ̀ rẹ̀ rí bí ewé kókò lẹ́yìn òjò. Ó tẹ́ ẹ sórí itan bàbá rẹ̀. Bàbá fi ìka kan bọ́tìnnì rẹ̀, ó sì rọra tì í padà. "Ó dáa, ṣùgbọ́n ti ìyá rẹ kọ́. Pupa ni tirẹ̀. Béèrè lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi, ó wà níbẹ̀."

Obìnrin náà yíjú sí mi. Nọ́ọ̀sì wa yára fi Yorùbá sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Daddy, bóyá ẹ ṣàṣìsọ ni." Bí a ṣe ń ṣílẹ̀kùn fún àgbà nílé wa nìyẹn, kó lè gba ibẹ̀ jáde láì tẹ́. N kò gba ibẹ̀. Mo ní, "Irọ́ ni mo pa. N kò dé ìlú yín rí. Àwọ̀ ewé ni kóòtù náà." N kò sọ irú rẹ̀ nípa ara mi rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi.

Bàbá fọwọ́ gbá mi lórúnkún, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Wo bó ṣe ń ṣàánú rẹ. Kò fẹ́ kí inú rẹ bàjẹ́ ni."

Obìnrin náà ká kóòtù, apá kan, apá kejì, ó dá a padà sínú àpò. Ǹ bá fẹ́ kó bú mi. Ó kàn dúpẹ́ pé mo ń bá bàbá òun ṣeré ni. Kí òtútù ọdún yẹn tó lọ, bàbá ti kú. Nọ́ọ̀sì sọ fún mi pé pupa ló pè é títí dé òpin.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé bàbá náà bi mí lẹ́ẹ̀kan rí, pé èmi àti ta la jọ kọ́kọ́ wo tẹlifíṣọ̀n, ìtàn ọ̀bọ ni mo sì tún gbé sílẹ̀. Òótọ́ mi kéré lójú mi. N'Ìbàdàn, lọ́dún tí tẹlifíṣọ̀n dé ọ̀dọ̀ wa, èmi àti ìyá àwọn ọmọ, nígbà tí kò tíì di ìyàwó mi, lọ dúró lẹ́yìn fèrèsé olùkọ́ kan ní Òkè-Àdó. Fèrèsé náà ga, kò sì gba ju orí kan lọ. Mo dojú odó kan dé, ó gorí rẹ̀, mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó sì ń sọ ohun tó ń rí fún mi. Ó ní ọba kan ń gun ẹṣin bọ̀. Ó ní àwọn obìnrin ń jó lórí omi. A ti bímọ méjì kó tó jẹ́wọ́ pé ọkùnrin kan tó de táì tó ń ka ìròyìn ni òun rí, pé òun ò fẹ́ kí apá máa ro mí lásán ni.

Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn. Irọ́ tirẹ̀ fún mi ní ohun tí n kò rí. Irọ́ tèmi gba ohun tí bàbá yẹn rí lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ń sọ ọ́ fún ọ kó lè wà lórí ẹni méjì, torí orí tèmi náà ti ń gbàgbé nǹkan báyìí: àwọ̀ ewé ni kóòtù náà. Bí mo bá sọ òmíràn fún ọ lọ́la, má gbà á lẹ́nu mi.