Lẹ́tà Ẹ̀bẹ̀ Tí Mo Kọ sí Ọ̀gá Ọlọ́pàá

Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́. Kò sẹ́ni tó bá mi dá sí i.

Ará Ajido lobìnrin tó ń ta ẹja yíyan fún mi. Àwọn kan gbé ẹ̀rọ wá sínú ọ̀sà wọn, wọ́n ń fa yanrìn, omi dàrú, àwọ̀n àwọn apẹja sì ń ya. Ọkọ rẹ̀ ló kó àwọn apẹja jọ, tó ń ya fọ́tò ẹ̀rọ náà, tó ń fi í ránṣẹ́ káàkiri. Àwọn tó ni ẹ̀rọ kọ́kọ́ halẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tó yá, ọlọ́pàá wá gbé e, wọ́n ní ó dáná sun ẹ̀rọ kan. Irọ́ gbuu ni! Lọ́jọ́ tí wọ́n ní ẹ̀rọ jóná, ọ̀dọ̀ mi ní Aradagun ló wà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ó ń bá mi kan páànù tí ìjì ṣí lórí ilé.

Ẹgbẹ́ kan tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lókè òkun gbọ́ sí i, wọ́n sì ní kí àwọn èèyàn láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ máa kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ọlọ́pàá. Ọmọbìnrin kan nínú ẹgbẹ́ náà pè mí lórí fóònù. Ó ní kí èmi náà kọ ọ́: kí n sọ ohun tí mo rí, kí n ní kí wọ́n tú u sílẹ̀, ó parí. Ó ní kí n má bẹ ẹnikẹ́ni. Inú bí mi. Èmi tí mo ti ń ṣe tíṣà kí wọ́n tó bí i! Ta ní ń bá aláṣẹ sọ̀rọ̀ báyẹn? Ní Èkìtì tí wọ́n ti bí mi, ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ òṣìkà kó tú ìlú ṣe. Bí mo bá sì kọ ọ́ pé ọ̀dọ̀ mi lọkùnrin náà wà, ṣé mi ò ti pe ọ̀gá ní òpùrọ́ lójú ara rẹ̀ nìyẹn?

Ni mo bá kúnlẹ̀ sínú bébà. Mo ní kí ọ̀gá ṣe bíi baba, kó fọwọ́ wọ́nú. Mo ní iṣẹ́ èṣù ni, kí wọ́n dárí jì í, kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Mi ò mẹ́nu ba páànù rárá. Nígbà tí mo kà á fún ìyàwó rẹ̀, ó sunkún, ó fi Ègùn dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀gá ránṣẹ́ pè wá. Ìyàwó jókòó síta lórí bẹ́ǹṣì, èmi àti lọ́yà tó ń gba ẹjọ́ ọkọ rẹ̀ rò wọlé. Àwọn lẹ́tà òkè òkun wà nínú páálí bisikíìtì lábẹ́ tábìlì, wọn ò tilẹ̀ ṣí wọn. Tèmi nìkan ló wà lókè, wọ́n ti fi bírò pupa fàlà sábẹ́ ìlà kan.

“Ìyá Tíṣà,” ọ̀gá ní, ohùn rẹ̀ tutù, “ẹ ní iṣẹ́ èṣù ni. Iṣẹ́ wo ni èṣù ṣe?”

Mo ní bá a ṣe ń bẹ̀bẹ̀ nìyẹn, kódà fún ẹni tí kò ṣẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo wá ń rojọ́ páànù. Ó béèrè ìdí tí kò fi sí nínú lẹ́tà. Lọ́yà kàn gbá orí mú ni. Wọ́n fi lẹ́tà mi sínú fáìlì lọ sílé ẹjọ́ bí ẹ̀rí pé ó jẹ̀bi, adájọ́ ò sì gba onídùúró. Ọkùnrin náà ṣì wà lẹ́wọ̀n títí dòní.

Nígbà tí a jáde lọ́jọ́ tí ọ̀gá pè wá, tí ìyàwó bi mí ohun tí wọ́n sọ, mo ní tèmi nìkan ni wọ́n ṣí. Kì í ṣe irọ́. Èyí tó kù ò lè jáde lẹ́nu mi.

Ó wá ní Sátidé tó kọjá, ó kó ẹja wá, ó fa ìwé tuntun àti bírò yọ nínú àpò.

“Tíṣà, tiyín nìkan ni wọ́n kà. Ẹ bá wa kọ òmíràn. Ẹ bẹ̀ wọ́n ju tàkọ́kọ́ lọ.”