Ikọ̀ tí mo gbé ró lórí ọmọ méjì

Nígbà tí àwọn ọdún 1980 ń parí lọ ni wọ́n gbé mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìkirè, pé kí n máa kọ́ àwọn ọmọ ní eré ìdárayá. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni gbogbo wọn mọ̀. Bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ jù sínú àwọ̀n lókè, ni èmi fẹ́ràn ní tèmi, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ọmọ jọ.

Méjì ni ọkàn mi bà lé. Ọ̀kan ga fíofío. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ní Àpòmù. Ìkejì kúrú, ọmọ oníṣòwò aṣọ ní Ìkirè, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù kì í já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó tó gbójú sókè, ó ti jù ú. Kí bọ́ọ̀lù tó balẹ̀, èyí gíga ti fò, ó ti hán an lókè. Wọn kì í pe ara wọn, wọn kì í ṣẹ́jú síra wọn. Mo wá kó àwọn yòókù yí wọn ká: ẹni tó lágbára ń la ọ̀nà fún wọn, ẹni tó lè sáré ń já bọ́ọ̀lù gbà fún wọn. Ọ̀kan nínú àwọn yòókù bi mí pé, "Sà, àwa ńkọ́? Ìgbà wo la máa ju tiwa?" Mo ní kí ó fara balẹ̀. A na Gbọ̀ngán, a na àwọn tó ti Ifẹ̀ wá. Ìbàdàn ló kàn.

Nígbà tí ìrìn àjò náà kù sí dẹ̀dẹ̀, ọmọ gíga kò wá sílé ìwé mọ́. Mo gbéra, ó di Àpòmù. Àṣé bàbá rẹ̀ ti já bọ́ láti orí ọ̀pẹ. Ó nà gbalaja lórí ẹní, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣeé gbé.

Mo bẹ ìyá rẹ̀. "Màmá, ẹ jẹ́ kó bá wa dé Ìbàdàn."

"Tíṣà, ẹ ṣeun. Òun ni àkọ́bí. Kòkó ti pọ́n lóko, ta ni yóò ká a?"

Bàbá kọjú sí ògiri. "Kádàrá ni, Tíṣà. Ẹ má bínú sí wa."

Mo yíjú sí ọmọ náà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, àdá lọ́wọ́.

"Ìwọ ńkọ́?"

"Sà, mi ò lè fi wọ́n sílẹ̀." Ó gbé àdá lé èjìká, ó gba ọ̀nà oko.

Mo fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀, a lọ. Ní Ìbàdàn, ọmọ kúkurú yẹn ń ju bọ́ọ̀lù sókè síbi tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ì bá wà. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Bọ́ọ̀lù ń jáde, àwọn òǹwòran ń rẹ́rìn-ín.

Mo pariwo, "Wo ẹni tó wà níwájú rẹ!"

"Mò ń wò ó, sà." Ó tún jù ú sókè.

Wọ́n lù wá bí ẹni lu bàrà. Nínú ọkọ̀ tó gbé wa bọ̀, ó gbórí lé fèrèsé, omi ń dà lójú rẹ̀. Kò fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù mọ́. Bó ṣe jáde ìwé mẹ́wàá, ó bá àbúrò bàbá rẹ̀ lọ sí òkè Ọya. Mi ò gbúròó rẹ̀ mọ́ di òní.

Àwọn ọdún 1990 ti wọlé dáadáa kí n tó tún rí èyí gíga. Bàbá rẹ̀ ti kú, òun náà sì ti níyàwó. Ó mú bàtà eré tí ilé ìwé fún un wá. Ó ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní.

"Sà, ẹ bá mi fi fún ẹni tó bá bá lẹ́sẹ̀ mu."

Mo bi í bóyá ó ṣì ń rántí bọ́ọ̀lù. Ó na àtẹ́lẹwọ́ sí mi. Ọkọ́ ti sọ ọ́ di líle bí èèpo igi.

"Ọwọ́ mi ti le, sà."

Ó kí mi, ó sì lọ. Bàtà náà kò bá ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀ mu.