Ògiri Bíríkìlà

Gbogbo ẹni tó bá bíríkìlà yìí ṣiṣẹ́ rí ló mọ̀ ọ́n: bí o bá gbé búlọ́ọ̀kù kan péré lé ògiri rẹ̀ láìbi í, ìbáà tọ́ bí okùn, yóò wó o. Yóò sì sọ pé, "Bẹ̀rẹ̀ tìrẹ nílẹ̀."

Ó pé ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin kí rọpárọsẹ̀ tó mú un lápá ọ̀tún. Ọdún méjì ló fi jókòó nínú yàrá, kò bínú, kò rẹ́rìn-ín. Ọbẹ̀ tí kò níyọ̀, á lá a. Ìyẹn ló dẹ́rù ba ìyàwó rẹ̀ jù.

Ọmọ wọn obìnrin ló mú un lọ sí gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn àgbà ní àwòrán yíyà láràárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó kàn ń wò wọ́n. Ní ìkẹrin, ó fi ọwọ́ òsì mú búrọ́ọ̀ṣì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya ògiri bíríkì láti ìsàlẹ̀, ìlà kan lọ́sẹ̀.

Awakọ̀ àgbà tó jókòó tì í, tó ń ya ọkọ̀, fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ọ̀gá, ṣé a ó wọlé yìí kí a tó kú?"

"Ọkọ̀ tìrẹ ńkọ́? Kò ní táyà."

Lọ́jọ́ náà ló délé, tó tọ́ ọbẹ̀ wò, tó ní, "Ta ló se omi yìí?" Ìyàwó rẹ̀ bọ́ sẹ́yìnkùlé, ó lọ rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ògiri pé ìlà márùn-ún, wọ́n pe àlejò wá wo àwòrán àwọn àgbà ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Bíríkìlà dé iwájú tirẹ̀, ó dúró. Ìlà mẹ́jọ ló bá níbẹ̀. Mẹ́ta òkè tọ́ gbọnrangandan. Wọ́n tilẹ̀ ti kan òrùlé sí i.

"Ta ló gun orí ògiri mi?"

Olùkọ́ wọn, ọ̀dọ́bìnrin kan, kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. Mo ní kí n bá yín parí rẹ̀ ni. Ọwọ́ yín ń gbọ̀n."

"Mo mọ̀ pé ó ń gbọ̀n! Ṣé mo fi sùn ọ́ ni?"

Ọmọ rẹ̀ dì í lápá mú. "Bàbá, àwọn èèyàn ń wò wá."

"Kí wọ́n wò! Ẹ ń bá mi de bọ́tìnnì. Ẹ ń bá mi nu ẹnu. Bí mo bá ń sọ̀rọ̀, ẹ ó ti bá mi parí rẹ̀. Eléyìí nìkan ló kù tí n kò bẹ ẹnikẹ́ni sí!"

Ọmọ náà wá ojú ìyá rẹ̀ tó bá wọn wá, pé kó gba òun. Ìyá ti lọ. Nígbà tó padà dé, ọ̀dà funfun àti búrọ́ọ̀ṣì ló kó lọ́wọ́.

"Gbà. Wó o."

Bíríkìlà kun òrùlé pa. Ó kun ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa. Ọ̀dà ń ro sórí bàtà rẹ̀. Àwòrán náà ń fì. Ọmọ rẹ̀ na ọwọ́ láti bá a dì í mú, ìyá gbá ọwọ́ náà dànù.

Nígbà tí ọjọ́ Ìṣẹ́gun pé, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà kí olùkọ́ tó mú kọ́kọ́rọ́ dé.

"Bàbá, ṣé ẹ ṣì ń bínú?"

"Gan-an. Gbé ọ̀dà pupa wá."