Kóòdù Tí Wọ́n Fi Àdúrà Tún Ṣe

Ẹ̀rọ ìwọ̀n wa ò ṣiṣẹ́ láti àárọ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́fà tò sí géètì ilé iṣẹ́ wa n'Ilo-Awela, ìkankan ò lè gbé ẹrù jáde. Ṣẹ́gun tó ń kọ kóòdù fún wa mọ̀ pé yóò ṣẹlẹ̀. Ìyá Bọ́lá tó ń tọ́jú sítọ́ọ̀ mọ̀. Gátímáàn mọ̀, ó tiẹ̀ ti ń gbààwẹ̀ lé e lórí. Èmi máníjà nìkan ni mi ò mọ̀.

Àná ni wọ́n gbé kọ̀ǹpútà wa bọ́ sórí Python tuntun, èdè tí wọ́n fi ń kọ kóòdù tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé. Kóòdù tó so ó mọ́ ẹ̀rọ ìwọ̀n ṣì jẹ́ ti Python àtijọ́, tuntun ò sì gbọ́ ọ.

"Ṣẹ́gun, kí ni ò jẹ́ kó o sọ fún mi?"

"Mà, mo sọ ọ́ níbi àdúrà àárọ̀ Mọ́ńdè. Mo ní kí ohun àtijọ́ tó fẹ́ dá wa dúró bọ́ sí tuntun. Ẹ̀yin gan-an lẹ ṣe àmín tó ròkè jù."

Òótọ́ ni. Mo rò pé mọ́tò ló fẹ́ rà.

Ṣẹ́gun, tún kóòdù yẹn kọ kó bá Python tuntun mu, ó pẹ́ tán aago méjìlá ọ̀sán Fúráídè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí, ẹ kọ bó ṣe máa ṣe é sábẹ́ ọ̀rọ̀ tí mo kọ yìí.

Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́nikẹ́ni má kọ "Àmín."